Ẹ Mọ Ibi Tí Ẹ Ó Dúró Kí Ẹ Tó Gbéra

Láti ìgbà tí mo ti ti Ìlú Ọba dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn oníṣòwò àdúgbò wa ń bi mí. Wọ́n gbọ́ pé mọ́tò tí kì í mu bẹntiróòlù, tó jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń mu, ni a gùn láti London dé Newcastle. Wọ́n ní, "Tíṣà, bí iná rẹ̀ bá tán sáàárín ìgbẹ́ ńkọ́? Ṣé inú jẹ́rákánì ni ẹ ó ti bu òmíràn sí i?" Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Òun ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tó bá ti jókòó ṣírò ìrìn rẹ̀ tán nílé, mọ́tò oníná kì í ṣàdédé kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá di ojú ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ojú ọ̀nà ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n, owó ilé-ìwé ibẹ̀ sì wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, obìnrin ará Jámánì kan, Bertha Benz, aya Carl Benz tó ṣe mọ́tò, gbéra ní Mannheim pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì láti lọ wo ìyá rẹ̀ ní Pforzheim. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 100. Lákòókò náà, kò sí ilé epo bí irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Nígbà tí epo mọ́tò ń tán lọ, ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní ìlú Wiesloch ló yà sí. Ó ra epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ligroin, èyí tí àwọn èèyàn ń rà láti fi yọ àbàwọ́n, ó dà á sínú mọ́tò, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀bù náà ní ilé epo àkọ́kọ́ láyé. Obìnrin yìí mọ ohun tí mọ́tò rẹ̀ ń mu, ó sì mọ irú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Ìmọ̀ méjèèjì yìí náà ni ẹni tó ń gun mọ́tò oníná nílò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí tiwa ṣe rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, mo wà ní London lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, Màmá wa náà sì wà níbẹ̀. Ni a bá gbọ́ pé ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọkùnrin ní Newcastle. Aago 10 òwúrọ̀ Sátidé ni ìkómọ, Màmá ni yóò sì fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Ẹ rò ó wò: ìran kẹrin ni Màmá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí yìí. Ṣùgbọ́n Màmá ti lé ní ọdún 70, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù kó tó jẹun. Òtútù oṣù Kejìlá lọ́hùn-ún kò sì ṣeé fi arúgbó sí nínú mọ́tò tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nítorí náà, ọ̀ràn ibi ìdúró kì í ṣe eré fún wa rárá.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi mú bébà àti bírò, ó jókòó. Ó ní bátìrì mọ́tò òun ń gba yúníìtì 60. Yúníìtì yìí kan náà ni èyí tí à ń rà sínú mítà nílé wa, kì í ṣe ohun àjèjì. Ìwé tí wọ́n fi ta mọ́tò náà fún un sọ pé yúníìtì kan lè gbé e rìn tó kìlómítà 6. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ìyẹn ṣírò. Kìlómítà 4 àti ààbọ̀ ló kọ sílẹ̀. Ó ní, "Àkànní, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé e relé."

Ìdí mẹ́ta ló fi gé e kúrú. Èkíní, òtútù ń mú kí bátìrì ya ọ̀lẹ. Èkejì, ooru tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń dà nù ni mọ́tò tiwa fi ń mú inú ọkọ̀ móoru. Mọ́tò oníná kò ní irú ooru bẹ́ẹ̀ tó pọ̀. Inú bátìrì ni yóò ti fa èyí tí yóò fi yá èèyàn. Ẹ̀kẹta, bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni atẹ́gùn ń dojú kọ ọkọ̀ tó, iná tó ń jẹ a sì máa pọ̀ sí i. Òfin Ìlú Ọba gbà kí mọ́tò sá máìlì 70 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi ní 60 tó òun.

Gbogbo ọ̀nà náà tó nǹkan bí kìlómítà 480. Ó pín in sí mẹ́ta: láti London dé ìtòsí Leicester, láti Leicester dé ìtòsí Leeds, láti Leeds dé Newcastle. Ìpín kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 160, bí ẹni ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Bí ẹ bá fi 4 àti ààbọ̀ pín 160, ẹ ó rí i pé ìpín kan yóò jẹ nǹkan bí yúníìtì 36. Ẹ wá bá mi kà á bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń kà á. A ó gbé 60 kúrò nílé, a ó dé Leicester pẹ̀lú 24. A ó gba 24 sí i, yóò di 48. A ó dé Leeds pẹ̀lú 12. A ó gba 36 sí i, yóò tún di 48. A ó dé Newcastle pẹ̀lú 12. Kò sí ibi tí yóò ti gbẹ pátápátá.

Màmá tó jókòó tì wá béèrè pé, "Àbẹ̀ní, bí ẹ bá ti dé ibi tí iná wà, kí ló dé tí ẹ kò ní í gbà á kún? Èwo ni 48 nínú 60?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ ta garí rí. Bí ẹ bá ń rọ garí sínú àpò, báwo lẹ ṣe ń rọ ọ́?"

Màmá ní, "Igbá ni màá fi máa dà á. Bó bá ku díẹ̀ kó kún, màá máa fi ọwọ́ kì í."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí ti bátìrì ṣe rí nìyẹn, Màmá."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí bátìrì bá ṣófo, iná ń rọ́ wọ inú rẹ̀. Bó bá ti tó 80 nínú 100, mọ́tò fúnra rẹ̀ yóò dín iná tó ń wọlé kù kí bátìrì má baà bàjẹ́. Yúníìtì 12 tó kẹ́yìn yẹn lè gba àkókò tó èyí tí 30 ìṣáájú gbà. Nítorí náà, ẹni tó dúró lẹ́ẹ̀mejì tó gbà á níwọ̀nba lè tètè débi tó ń lọ ju ẹni tó dúró lẹ́ẹ̀kan tó ní kó kún dẹ́nu. Inú ilé, lóru, nígbà tí a ń sùn, ni à ń gbà á kún.

Òpó tí a ti ń gba iná pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Ihò iná ara ògiri lásán ń fún mọ́tò ní nǹkan bí yúníìtì 2 sí 3 ní wákàtí kan. Àpótí ìgbaná tí wọ́n ń kàn mọ́ ara ilé ń fún un ní nǹkan bí 7. Òpó oníyára tó wà lójú ọ̀nà ń fúnni ní 50, àwọn ńlá inú wọn sì ń fúnni ní 150 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí mọ́tò bá lè gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rin ọ̀nà jínjìn kò gbọdọ̀ ka òpó oní-7 mọ́ ibi ìdúró. Ibi tí a ó sùn mọ́jú ni ìyẹn wà fún. Kí ó sì mọ irú ẹnu tí wáyà mọ́tò rẹ̀ ní. Ní Yúróòpù, CCS ló wọ́pọ̀ jù fún òpó oníyára, ṣùgbọ́n àwọn mọ́tò kan láti Japan, bí i Nissan Leaf àtijọ́, CHAdeMO ni wọ́n ń lò. Ẹnu kan kì í wọ inú èkejì.

Lórí fóònù ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń wo àwọn òpó náà. Máàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Zap-Map tó ń fi ibi tí wọ́n wà hàn, tó sì lè sọ fúnni bí òpó bá bàjẹ́. Òfin Ìlú Ọba tún sọ pé láti ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó di dandan kí àwọn òpó oníyára máa gba káàdì báńkì lásán, kí àlejò má baà há síbẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fi èyí sọ́kàn: iná ojú ọ̀nà wọ́n ju iná ilé lọ púpọ̀. Èyí tún jẹ́ ìdí tó fi yẹ kí a gbé bátìrì kíkún kúrò nílé.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ kẹ́yìn sórí bébà ló wù mí jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ibòmíràn tí kò jìnnà sí i. Ó ní òun kì í fi ọkàn tán òpó kan ṣoṣo. Màmá mi orí. Ó ní nígbà tí òun ń kó garí lọ sí Jẹ̀bá, dírẹ́bà lọ́rì wọn mọ gbogbo ibi tí èèyàn ti lè rí omi bù sí rédíétọ̀, bí ọ̀kan bá sì gbẹ, ó mọ èyí tó kàn.

Aago 9 òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì la gbéra. A ti jẹ́ kí mọ́tò móoru nígbà tó ṣì wà lára iná ilé, kó má baà jẹ nínú tirẹ̀. Nítòsí Leicester, bí mọ́tò ti ń gba iná ni Màmá ń jẹ ẹ̀wà tó wà nínú fúláàsì, a sì mú un rìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà wú. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi àkókò oúnjẹ Màmá gbé ibi ìdúró kalẹ̀ ni. Ìgbà tí mọ́tò bá ń jẹun ni arúgbó náà ń jẹun.

Nítòsí Leeds, nǹkan yí padà. Nínú òpó 6 tó wà níbẹ̀, 2 ti kú, mọ́tò 7 sì tò sẹ́yìn àwọn tó kù. Bàbá ọ̀dọ́ kan dé lẹ́yìn wa pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ kéékèèké méjì. Ó ní iná òun ku 2 nínú 100. Kò lè lọ iwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ó ní láti pa ooru inú mọ́tò, kí wọ́n sì wọ ẹ̀wù òtútù jókòó de ìgbà tí yóò kàn wọ́n. Àánú àwọn ọmọ náà ṣe wá, Màmá sì ní kí a fún wọn ní mọ́ínmọ́ín. Ṣùgbọ́n ní tiwa, yúníìtì 12 ṣì wà lọ́wọ́, èyí tó lè gbé wa rìn tó kìlómítà 50. Ibi kejì tó wà lórí bébà kò ju kìlómítà 20 lọ. A lọ síbẹ̀, a bá òpó tó ṣófo, a gba iná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago 5 ìrọ̀lẹ́ kí a tó wọ Newcastle. Ilẹ̀ ti ṣú, nítorí pé lásìkò yẹn nínú ọdún, oòrùn ibẹ̀ ń wọ̀ kí aago 4 tó lù. Ara Màmá le. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ló fi oyin kan ọmọ náà lẹ́nu.

Ǹjẹ́ a lè ṣe irú rẹ̀ nílé wa níbí? Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣí ibi ìgbaná kan tó ń lo agbára oòrùn ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, Ṣókótó. Ṣùgbọ́n irú ibi bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ẹni tó bá ra mọ́tò oníná lónìí, ilé ara rẹ̀ ni ibi ìdúró rẹ̀ àkọ́kọ́, ilé ẹni tó ń lọ bá sì ni èkejì. Èkó sí Ìbàdàn tó nǹkan bí kìlómítà 130. Bí ẹ bá ka yúníìtì kan sí kìlómítà 5, àlọ yóò jẹ 26, àbọ̀ yóò jẹ 26. Mọ́tò oní-60 lè lọ kó sì bọ̀, ṣùgbọ́n 8 péré ni yóò kù sí i nínú, bí ọ̀nà kò bá sì dí ni. Nítorí náà, kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ kí ní Ìbàdàn pé, "Ṣé iná wà?" Wákàtí 5 lára ihò iná lásán lè fún yín ní yúníìtì 10 sí 15, ọkàn yín yóò sì balẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi ìṣirò yìí kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń kó ọjà lọ sí ọjà jínjìn tí kì í ka owó ọkọ̀ àbọ̀ mọ́ ìnáwó rẹ̀. Ẹ ka èyí tí bátìrì lè ṣe lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ kò dára. Ẹ má dúró kó tó ku 2 kí ẹ tó wá òpó. Ẹ sì jẹ́ kí ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan ní ìgbákejì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.