Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá, Àgbà Òṣìkà

Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, yóò rí ààfin Ọwá àtijọ́ lókè, yóò sì rí ilé-ẹjọ́ àtijọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ní ògiri létí. Bí ògiri ilé-ẹjọ́ bá tún lẹ́nu ni, ìbéèrè kan ló yẹ ká bi í: ṣé ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn máa ń wọ adájọ́ létí bákan náà?

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin òyìnbó kan, Harper Lee, kọ ìwé To Kill a Mockingbird ní 1960. Nínú ìtàn náà, wọ́n ní ọkùnrin dúdú kan, Tom Robinson, fipá bá ọmọbìnrin òyìnbó lò. Lọ́yà rẹ̀ fi han kóòtù pé ọwọ́ òsì Tom ti rọ, bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì ló lu ọmọbìnrin náà. Ọ̀rọ̀ bùṣe, àbí? Rárá o! Òyìnbó ni gbogbo ará ìlú 12 tí òfin wọn ní kí wọ́n sọ bóyá ó jẹ̀bi. Wọ́n wo àwọ̀, wọn ò wo ẹ̀rí. Wọ́n ní ó jẹ̀bi.

Ẹ má pè é ní àlọ́ lásán. Ní 1931, ní Scottsboro, ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n kó ọmọ dúdú 9 lọ sí kóòtù lórí irú ẹ̀sùn yìí. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n mú wọn tí wọ́n fi dájọ́ ikú fún 8. Ní 1933, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tó fẹ̀sùn kàn wọ́n jẹ́wọ́ ní kóòtù pé irọ́ ni. Síbẹ̀, wọ́n tún dá ẹni tí wọ́n ń gbẹ́jọ́ rẹ̀ lẹ́bi! Wọn ò pa ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n jẹ ọjọ́ ayé wọn.

Ẹlòmíì á ní, "Kí ló kan ará Ìdànrè?" Ó kàn wọ́n dáadáa. Láti 1914 títí di 1933, ní kóòtù ìjọba tí wọ́n ń pè ní Provincial Court, òyìnbó Rẹ́sídẹ́ǹtì àti àwọn D.O. ló ń dájọ́. Ẹni tó ń ṣèjọba náà ni adájọ́. Òfin sì ní lọ́yà ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Tom pàápàá rí lọ́yà! Ẹni tí wọ́n bá mú nílẹ̀ yìí, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni.

Lónìí, òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36, sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà. Bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò lówó lè lọ bá Legal Aid Council ìjọba. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá aláṣọ, ẹ má tẹ̀ka síwèé tí ẹnì kan ò túmọ̀ fún yín. Ẹ̀yin káfíńtà, bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn lédè òyìnbó, ẹ má kàn máa mi orí bí alángbá. Ẹ bèèrè ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan ò tó. Bí àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ oko kòkó bá bá ọmọ onílẹ̀ jà lọ́jà, tí wọ́n kó ẹjọ́ wá síwájú ẹgbẹ́, ta la kọ́kọ́ ń gbà gbọ́? Bó bá jẹ́ pé nítorí ó jẹ́ àjèjì la ṣe dá a lẹ́bi, àwa náà ti di ọ̀kan nínú àwọn 12 yẹn nìyẹn.