Iye Òǹwòran Kọ́ Ni Iye Oníbàárà



Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ti ń fi fídíò polówó gààrí lórí fóònù báyìí. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan láìfi bọpo bọyọ̀: iye ènìyàn tí fóònù sọ pé ó wo ọjà yín kọ́ ni iye ènìyàn tí yóò rà á.

Ẹ rántí Ojúde Ọba ọdún 2024. Àwòrán àti fídíò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde tàn ká ayé. Àwọn tí wọ́n wò ó kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó bèèrè iye tí a ń ta kóńgò gààrí kan? Bí ẹgbẹ́ kan bá tìtorí irú èrò ìwòran bẹ́ẹ̀ yá owó, tí ó sì yan gààrí kún ilé, ta ni yóò san gbèsè náà?

Àwọn baba wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjà, ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ yàtọ̀ sí ẹni tí ó bu gààrí sẹ́nu, tí ó tọ́ ọ wò bóyá ó kan dáadáa, tí ó sì ná an. Fóònù pẹ̀lú ní ojú tirẹ̀, bí a bá mọ̀ ọ́n kà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Facebook jẹ́wọ́ pé àkókò tí àwọn ń sọ pé ènìyàn fi ń wo fídíò ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ fún nǹkan bí ọdún 2, nítorí pé àwọn yọ ẹni tí kò wò ó tó ìṣẹ́jú àáyá 3 kúrò nínú ìṣirò. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba iye kan ṣoṣo gbọ́. YouTube a máa fi ibi tí òǹwòran ti pa fídíò tì hàn. Bí wọ́n bá ń lọ kí ẹ tó fi gààrí hàn, ẹ gé ọ̀rọ̀ ìṣáájú kù. Status WhatsApp a máa fi orúkọ àwọn tí wọ́n wò ó hàn láàárín wákàtí 24 tí ó fi wà níbẹ̀, àfi ti àwọn tí wọ́n ti ṣètò fóònù wọn kí ó má fi wọ́n hàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń hàn lemọ́lemọ́, ẹ pè é.

Lẹ́yìn èyí, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé: àwọn tí ó wò, àwọn tí ó bèèrè iye, àwọn tí ó sanwó, àti àwọn tí ó padà wá. Kí ó máa kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Gbáàgúdá tí ó wà nínú ilẹ̀ lè dúró de oníbàárà. Èyí tí a bá ti wú kì í ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ẹ máa ya fídíò yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìlà àwọn tí ó sanwó sọ iye ebè tí ẹ ó wú.