Rédíétọ̀ Kọ̀ǹpútà: Fífẹ̀ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín to kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì fẹ́ máa fi omi tu ọpọlọ rẹ̀ lára, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Àwọn tó ń ta rédíétọ̀ ń tàn yín jẹ, ẹ̀yin náà sì ń gbà fún wọn.

(Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi pè é ní rédíétọ̀. Àwọn mẹkáníìkì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́.)

Ẹ ó gbé èyí tó nípọn ní mìlímítà 60, ó wúwo, ó kún ọwọ́, ẹ ó ní òun ló dára jù. Rárá o! Iṣẹ́ rédíétọ̀ ni kí ó gba ooru lára omi, kí ó sì gbé e fún afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ gba inú rẹ̀ máa ń gbóná bó ti ń kọjá láàárín àwọn ewé irin. Nígbà tí yóò fi dé ìdajì ọ̀nà, kò lágbára láti gba ooru bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Ẹ wá fi 240 tó nípọn ní 60 wé 360 tó nípọn ní 30. Irin pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n fáànù méjì péré ló ń gbà lójú kan. Èkejì ń gba mẹ́ta. Bí fáànù bá ń sáré kíkan, èyí tó nípọn yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ta ló fẹ́ máa kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta? Ẹ tún rántí pé fáànù fúnra rẹ̀ nípọn ní 25: 85 ni àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 60. Ṣé àpótí yín gbà á?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí afẹ́fẹ́ yàrá yín bá gbóná dé 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sí rédíétọ̀ tó lè mú omi tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ewé irin rẹ̀ há pọ̀ jù, eruku ọyẹ́ yóò dí i pa.

Èyí tó dùn mí jù ni ti irin. Mo ra rédíétọ̀ alumíníọ̀mù nítorí pé kò wọ́n, mo sì fi omi kan náà so ó pọ̀ mọ́ irin bàbà tó lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi. Ẹni tó tà á fún mi kò la ẹnu. Bí omi bá so irin méjèèjì pọ̀, wọ́n á di bátìrì, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ dànù. Kò pé ọdún kan tí ohun funfun bí ẹfun fi kún inú omi, tí rédíétọ̀ sì jò sórí káàdì tí mo fi owó oṣù mẹ́rin rà. Lóòótọ́, àwọn èyí tí wọ́n dì pa láti ilé iṣẹ́ máa ń ní irin méjèèjì nínú, ṣùgbọ́n oògùn tí kì í jẹ́ kí irin jẹrà wà nínú omi tiwọn. Omi lásán ni mo bù sí tèmi.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ owó lápò, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé irin wo ló fi ṣe é. Bó bá ń kólòlò, ẹ gbé e padà sórí àtẹ rẹ̀.