Ojú Kékeré Tó Ń Sanwó Ara Rẹ̀

Ọ̀sán Sátidé kan, lábẹ́ bíríìjì Sango, ni ọmọ aládùúgbò mi kan dọ̀bálẹ̀ kí mi. Báàgì ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí eruku trélà ọ̀nà Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ di pupa. Òde ọjọ́ ìbí ìyá àgbà kan ní Ìyànà-Ìyèsí ló fẹ́ lọ ya fótò rẹ̀. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ti ń ṣe ṣíìfù. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni ti kámẹ́rà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ bá mi gba ọ̀rọ̀ kan rò kí n tó wọkọ̀."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá oníbúrẹ́dì kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò pọ̀: ó fẹ́ ra lẹ́ńsì. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn ti gbà láti yá a ní ìlàjì owó lẹ́ńsì ńlá kan, irú èyí tó ń fa nǹkan ọ̀ọ́kán wá sí tòsí, oṣù mẹ́rìnlélógún ni yóò sì fi san án. Ìyókù, yóò lọ bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú iṣẹ́ fótò ti ra tirẹ̀. Ó ní bí ẹlẹgbẹ́ òun bá ti gbé e wọ gbọ̀ngàn, àwọn èrò á yà lọ́nà fún un.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Fótò wo nínú èyí tí o ti yà ló mú owó wá jù?"

Kò dáhùn kíákíá. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù, tó ń fi àwọn tí oníbàárà padà wá tẹ̀, tí wọ́n sì fi sí férémù, hàn mí. Kì í ṣe àwọn ibi tí èrò ti pọ̀ bí omi ni wọ́n wá tẹ̀. Ojú ènìyàn ni: ìyàwó tuntun tó ń wo ìyá rẹ̀, bàbá arúgbó tó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá, ọmọ ọdún kan tí kéèkì kún ẹnu rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ènìyàn, láti àyà dé orí.

Kámẹ́rà òde òní máa ń kọ ìtàn fótò mọ́ ọn lára. Mo ní kó ṣí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fótò tó mówó wá yẹn, nọ́ńbà 45 ni wọ́n gbé, ìyẹn ibi tí lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà rẹ̀ wá lè fà dé mọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń fún un jù. Nígbà tí mo fi ìka fẹ ojú bàbá arúgbó yẹn lórí fóònù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí wínníwínní bí ẹni tó wọ́n gààrí sí i. Wọ́n ti mú iná lọ ní gbọ̀ngàn ọjọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ kò sì gbé ju gílóòbù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tẹsẹ̀ dúró níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ńsì ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Lẹ́ńsì tó bá Canon R50 wá, èyí tí ọmọ yìí ń lò, 6.3 ni ihò rẹ̀ nígbà tí a bá fà á dé 45. Lẹ́ńsì kékeré kan wà, RF 50mm f/1.8, tí kì í fà, tí kì í sún. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá sún mọ́ ẹni tí o fẹ́ yà. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ni àwọn oní-fótò ń pè ní prime. Ihò tirẹ̀ jẹ́ 1.8. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjìlá ti èyí tó ń wọ lẹ́ńsì àkọ́kọ́ yẹn. Nílùú tí iná ọba kì í ti í dúró, ìlọ́po méjìlá ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Ó sì fúyẹ́. 160 gíráàmù ni, kò wúwo tó fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa. Lẹ́ńsì ńlá tí ọmọ yìí ń fojú sùn, RF 24-70mm f/2.8, tó 900 gíráàmù. Ẹni tó bá ti dúró láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn ló mọ ohun tí 900 gíráàmù máa sọ fún egungun ẹ̀yìn. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ṣíìfù àárọ̀ ṣì ń dúró dè é.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣí ìwé ìṣirò. Nígbà tí lẹ́ńsì kékeré yẹn jáde ní ìparí ọdún 2020, bíi 200 dọ́là ni wọ́n dá lé e. Ti ńlá tó jáde ní 2019, bíi 2,300 dọ́là. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní bíi 460 náírà ní ojú òṣùwọ̀n ìjọba. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni Báǹkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500. Lẹ́ńsì kékeré tó jẹ́ 92,000 náírà di 300,000. Lẹ́ńsì ńlá tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan di 3,450,000. N kò tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn, n kò tíì ka owó kọ́sítọ́ọ̀mù, n kò sì tíì ka èrè ẹni tó ń tà á ní Computer Village ní Ìkẹjà.

Ẹ fi owó oṣù òṣìṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 30,000 náírà láti ọdún 2019, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 70,000 ní oṣù keje 2024. Ní ti àtijọ́, owó oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ló ń ra lẹ́ńsì kékeré. Ní ti tuntun, ó lé ní oṣù mẹ́rin. Lẹ́ńsì ńlá ti lọ láti oṣù márùndínlógójì sí oṣù mọ́kàndínláàádọ́ta. Wọ́n fi kún owó oṣù lóòótọ́, lẹ́ńsì sì tún sá síwájú sí i. Ohun tó ń dùn mí nìyí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ. Irinṣẹ́ iṣẹ́ náà ni dọ́là ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe oní-fótò nìkan. Gbogbo ìlà ilé-iṣẹ́ láti Sango dé Ọ̀tà, títí lọ dé Àgbárá, dọ́là kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra ohun èlò wọlé. Ní oṣù kẹjọ 2023, ilé-iṣẹ́ apòògùn GlaxoSmithKline, tó wà ní Àgbárá, kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, ìnáwó òpin ọdún rẹ̀ kógbá sílé, àtẹ orúkọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń lẹ pásípọ́ọ̀tù mọ́ náà kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra kẹ́míkà àti ọmọ yìí tí ń ra lẹ́ńsì, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń kàn. Ọ̀kan lè pa ilẹ̀kùn dé kó padà sílùú rẹ̀. Ọ̀tà ni ilé ọmọ yìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má yáwó. Láàárín oṣù keje 2023 sí oṣù kọkànlá 2024, iye èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà owó lọ láti 18.75 sí 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé alájẹsẹ́kù kò le tó ti báǹkì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n láti orí owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́. Ó ṣírò iye tó máa ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn òde kan, ó ní òde mẹ́fà á san owó lẹ́ńsì kékeré tán. Ti ńlá, ìṣirò kan náà á mú un dé nǹkan bí àádọ́rin òde. Tó bá rí òde kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ju ọdún kan lọ. Ta ló sì ń rí òde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ramadan ń bọ̀, Lẹ́ǹtì ń bọ̀, òde á dákẹ́. Gbèsè kì í gbààwẹ̀.

Ó jiyàn, ó sì yẹ kó jiyàn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n sà, tí iyàrá bá kéré ńkọ́?" Òótọ́ ni. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di fótò, kéré, lẹ́ńsì 50 á máa ṣe bí 80 lórí rẹ̀. Nínú ilé olójúkojú tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Sango, tó bá fẹ́ ya ẹbí mẹ́jọ tó jókòó yí ọmọ tuntun ká, yóò fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọn ò sì ní wọ inú fótò tán. Canon ní lẹ́ńsì pẹlẹbẹ mìíràn, RF 28mm f/2.8, 120 gíráàmù péré, tó jáde ní 2023. Ó bá iyàrá mu ju 50 lọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti 50 lọ, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbà wọlé kò tó ìdajì ti 50. Èrò tèmi ni pé kó jẹ́ kí lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá máa ya ẹbí mẹ́jọ pẹ̀lú fílááṣì. Ojú ènìyàn ló ń wọ férémù, ojú ènìyàn ni kó náwó lé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ọ̀rọ̀ eruku tún wà. Kámẹ́rà mirrorless ni ti ọmọ yìí, irú èyí tí wọ́n ti yọ dígí inú rẹ̀ kúrò. Ìyẹn ló jẹ́ kí lẹ́ńsì lè jókòó sún mọ́ sẹ́ńsọ̀, 20 mìlímítà lórí kámẹ́rà RF bí tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ 44 lórí kámẹ́rà EF onídígí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n bí o bá yọ lẹ́ńsì, kò sí dígí tó máa bo sẹ́ńsọ̀ lójú mọ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ lẹ́ńsì lẹ́bàá ọ̀nà Sango ti bu eruku kún ojú kámẹ́rà rẹ̀, gbogbo fótò ọjọ́ náà ni yóò ní tóótòòtó. Ilé ni kó ti de èyí tó fẹ́ lò mọ́ ọn. Bó bá di dandan kó pààrọ̀, kó wọnú gbọ̀ngàn, kó da ojú kámẹ́rà dé ilẹ̀, kó sì yára.

Tí 300,000 bá ṣì wúwo, tòkunbọ̀ wà. Lẹ́ńsì EF 50mm f/1.8 ti ọdún 2015, tó jẹ́ ti kámẹ́rà onídígí, pọ̀ lọ́jà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà tuntun tó bá ní àdápítọ̀, ìyẹn òrùka tó ń so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ kámẹ́rà tuntun. Àdápítọ̀ á fi bí 110 gíráàmù kún un, ìfúyẹ́ ti dín kù nìyẹn, ó sì yẹ kó ka owó rẹ̀ mọ́ ọn. Kó tó sanwó, kó gbé lẹ́ńsì sókè, kó tan iná fóònù sí i láti ẹ̀yìn. Bó bá rí nǹkan tó dà bí okùn aláǹtakùn nínú rẹ̀, lẹ́ńsì yẹn ti bu. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì ní dúró. Kó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Mo sọ fún un nípa oní-fótò J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, tó kú ní 2014, tó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn àti l'Ékòó. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, ó sì yà á tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Rolleiflex ló ń lò, kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣe é yọ, tí kì í fà, tí kì í sún. Àwọn fótò yẹn ti dé àwọn ilé ọnà ńlá káàkiri àgbáyé. N kò rò pé ẹnikẹ́ni dúró níwájú wọn tó béèrè ìdí tí kò fi fà á. Ní Jámánì pẹ̀lú, Oskar Barnack, tí àìsàn ìmí kì í jẹ́ kó lè gbé kámẹ́rà wúwo gun òkè, ló ṣe kámẹ́rà kékeré tó di Leica. Nígbà tí wọ́n gbé e síta ní 1925, lẹ́ńsì 50 kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀.

Ọmọ náà gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Ó san owó búrẹ́dì tí a jẹ, mo kọ̀, ó fi dandan lé e. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó yà sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Kò gbé báàgì ńlá yẹn mọ́. Kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú ojú dúdú kékeré kan níwájú rẹ̀, tòkunbọ̀, ó ti fi iná wò ó. Iná ti lọ ládùúgbò wa. Ó ní kí ìyàwó mi jókòó ti ojú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣì kù díẹ̀ sí, ó sún mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ méjì, ó tún fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan, ó sì dákẹ́ títí ìyàwó mi fi rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó béèrè irú férémù tí mo fẹ́.