Àwo Nìkan Ò Lè Gba Dàdàkúàdà Là

Bí a bá dárúkọ orin Ìlọrin, ẹnu á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Odòlayé Àrẹ̀mú. Láti 1997 ni bàbá náà ti dolóògbé, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ń dún nínú fóònù àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà tó wà láyé. Ohun ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ àwo àtijọ́ yàtọ̀ sí jíjí orin dìde. Orin tí ọmọdé ò kọ́ mọ́, tí ọ̀dọ́ onílù ò lè fọwọ́ ara rẹ̀ lù, ó ti ń kú lọ, bó ti wù kí àwo rẹ̀ pọ̀ tó.

Dàdàkúàdà, orin tí Odòlayé ń kọ, kì í ṣe orin fàájì lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin tó jẹ́ gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, Màlété, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀, ó sì tọ orísun rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn eléégún aláré. Bẹ́ẹ̀, ìlú tí oríkì rẹ̀ ń fọ́nnu pé òun ò léegún ni Ìlọrin! Àwọn baba gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wọ́n bọ́ ẹ̀kú sílẹ̀, àmọ́ wọn ò ju ohùn iyọ̀ nù. Bí àdúà àti ọ̀rọ̀ Àlùkùránì ṣe bá òwe àti oríkì pàdé lẹ́nu olórin kan náà nìyẹn. Ìtàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí àwọn ológun pa ní oṣù kìíní 1966, ṣe rí lójú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, kó lọ gbọ́ Odòlayé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Olórí olórin á máa ro oríkì bí ẹni ń sọ̀rọ̀, ìlù á máa rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ohùn rẹ̀. Lójijì á dá orin, elégbè á gbà á, ìlù á gbóná. Kí ló sọ fún onílù pé àsìkò tó? Ojú olórin ni, tàbí ọwọ́ tó gbé díẹ̀, tàbí bí òwe ṣe já. Àwo ò fi èyí hàn. Ẹ̀gbẹ́ àgbà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lóde ìyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìwúyè.

Kí orin relẹ̀, kó sì tún dìde, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Jàmáíkà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni orin ska bẹ̀rẹ̀ ní Kingston. Nígbà tí erékùṣù náà gbòmìnira ní 1962, òun ló gbòde. Ní 1964 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Skatalites sílẹ̀, wọ́n tú ká ní 1965, orin mìíràn sì gbapò. Síbẹ̀ ska ò kú. Ní 1979 àwọn ọ̀dọ́ Coventry nílùú ọba, dúdú àti funfun, gbé e dìde lọ́nà tiwọn. Ní 1983 àwọn Skatalites fúnra wọn padà sórí ìtàgé, bí àgbà kan sì ṣe ń lọ ni ọ̀dọ́ ń bọ́ sípò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Alpha ní Kingston, tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ń bójú tó fún ọmọ tálákà, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Skatalites bíi Don Drummond, Tommy McCook, Johnny Moore àti Lester Sterling ti kọ́ fèrè. Wọ́n rí olùkọ́, wọ́n sì rí fèrè fọn.

Ìlọrin ò ṣaláìní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ eré orí ìtàgé wà ní Yunifásítì Ìlọrin, òmíràn sì wà ní Màlété. Orúkọ àwọn olórin dàdàkúàdà bíi Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékeé Àmào ò sì ṣàjèjì nílùú. Kí ló dé tí àgbà onílù ò fi lè jókòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kó máa gba owó oṣù, láìjẹ́ pé wọ́n bi í léèrè ìwé ẹ̀rí?

Àwọn kan á ní orin tó ti ọ̀dọ̀ eégún wá ò yẹ ìlú àlùfáà. Mùsùlùmí ni àwọn tó ń kọ ọ́, ìyìn Ọlọ́run ò sì wọ́n lẹ́nu wọn. Àwọn mìíràn á ní alágbe ni olórin, wọn ò sì ní fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń tọ́jú ìtàn ìlú sórí kì í ṣe alágbe.

Kí ìjọba Kwara gbọ́, kí àwọn ọlọ́lá tó ń náwó fún olórin nígbà ìwúyè náà gbọ́: ẹ yọ díẹ̀ nínú owó náà sọ́tọ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ ra ìlù fún un, kí ẹ sì bá a sanwó fún àgbà tó ń kọ́ ọ, lọ́dún yìí, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.