Pápá Ìṣeré Àdúgbò, Ohun-Ìní Ọmọ Tálákà

Orúkọ rere ni Ajégúnlẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti ẹ̀bá èbúté Àpápá wọ inú rẹ̀ ní àkókò òjò yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ajé gbà kọjá lọ, kò tíì gúnlẹ̀. Omi dúró lójú títì, ilé fún mọ́ ilé, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Urhobo, Hausa àti Ìlàjẹ ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Láàárín ìfúnpọ̀ yìí ni pápá kan wà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Maracana, orúkọ pápá ìṣeré ńlá tí àwọn ará Brazil kọ́ sí ìlú Rio de Janeiro fún ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1950. Ọ̀rọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Odion Ighalo, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ nínú ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2019, Ajégúnlẹ̀ ni ó gbé dàgbà, Maracana sì ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe. Òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn bí àwọn kan ṣe ń ta igbó lẹ́bàá pápá náà, tí ọlọ́pàá yóò dé, tí ìbọn yóò sì dún nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré lọ́wọ́. A kò sọ èyí nítorí pé gbogbo ọmọ ni yóò di Ighalo. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, bóyá ni a fi lè rí ẹnì kan tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́. Àwọn yòókù ni ọ̀rọ̀ wọn jẹ wá lógún. Àwọn náà nílò ibi tí wọn yóò ti mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé òfin, bí a ṣe ń gba ìdájọ́ láìjà, àti bí ọmọ Ìlàjẹ ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọmọ Ìgbò kí ó sì gbà á padà.

Ọ̀nà tí àwọn ìjọba ti máa ń gbà tún àdúgbò tálákà ṣe láti ìgbà pípẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1955, àjọ tí ń mójú tó ìdàgbàsókè Èkó bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àárín ìlú, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Surulérè. Ẹbí pínyà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù oníbàárà rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, katakata wọ Máròkó, àwọn ènìyàn tí a fojú bù sí 300,000 sì di aláìnílé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìmọ́tótó àti àtúnṣe ni wọ́n pe méjèèjì. Lójú tiwa, ilẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, wọn kò tún ènìyàn ṣe.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kọ́ pápá ìṣeré ràgàjì. A ti ṣe ìyẹn rí. Pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Surulérè, tí a parí ní ọdún 1972 fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973, ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3 sí 0 ní ọdún 1980 tí a fi gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 2004, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà bí ahoro, tí koríko hù níbi tí ènìyàn ń jókòó sí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ilé tí ọ̀gá tí ó ni í wà lọ́nà jíjìn, tí ará àdúgbò kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀, kò ní ẹni tí yóò gbá a.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Medellín ní orílẹ̀-èdè Colombia. Ní ọdún 1991 nìkan, ó lé ní 6,000 ènìyàn tí wọ́n pa níbẹ̀. Ní ọdún 2004, ìjọba ṣí ọkọ̀ orí wáyà fún àwọn tálákà tí ń gbé orí òkè. Wọ́n kọ́ ilé ìkàwé àti ilé ẹ̀kọ́ sí àárín wọn. Láti ọdún 2014, ilé iṣẹ́ omi ìlú náà ṣí ọgbà àwọn àgbá omi ńláńlá rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ọ́ di ibi ìṣeré àti ibi ìkàwé, lẹ́yìn tí ó ti bi àwọn ará àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. A kò ní parọ́ pé eré ìdárayá nìkan ni ó dín ìpànìyàn kù ní Medellín. Ó ti dín kù púpọ̀ kí wọ́n tó ṣí àwọn ọgbà wọ̀nyí. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé wọ́n mú ohun tí ó dára jù lọ lọ sí ibi tí ó tòṣì jù lọ, wọn kò sì wó gbogbo àdúgbò kí wọ́n tó ṣe é.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Èkíní, kí ìjọba fi òfin so gbogbo pápá àdúgbò mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á fún oníṣọ́ọ̀bù. Èkejì, kí a gbẹ́ gọ́tà yí i ká, kí a sì fún un ní iná, omi àti ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò, tọkùnrin tobìnrin, máa ṣe àkóso rẹ̀, kí wọ́n sì ya àkókò sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀kẹrin, kí ọmọdé má san kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

A mọ̀ pé èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni wọn yóò bá wa jiyàn lé lórí. Wọn yóò ní koríko àtọwọ́dá gbówó lérí, owó ìwọlé ni a ó fi tọ́jú rẹ̀. Kí àwọn àgbà tí ń ṣiṣẹ́ san tiwọn lálẹ́. Ọ̀sán jẹ́ ti àwọn ọmọ. Ní ọdún 1955 kan náà tí katakata wọ àárín Èkó, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní owó kò ní tó. Èso rẹ̀ ń bẹ lójú gbogbo wa. Pápá tí a bá fi ògiri yí ká, tí a sì ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ aláta kí ó tó wọlé, a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí koríko rẹ̀ tilẹ̀ tutù ju ti àtijọ́ lọ.

Ewu kan tún wà níwájú. Bí àdúgbò bá ti dára, owó ilé yóò gòkè, ayálégbé ni yóò sì kọ́kọ́ jáde. Ìjọba tí kò bá ro èyí ṣáájú yóò fi pápá ṣe ohun tí katakata ṣe ní Máròkó, bí kò tilẹ̀ ní pariwo tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje yín bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé ta ni ìwé ilẹ̀ pápá àdúgbò yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ju àgbàlá kótópó lọ. Ẹ̀yin ni ẹ lè sọ fún ìjọba ohun tí àìsí ibi eré ń ṣe fún ọmọ. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ibi tí a óò ti kọ́ ọmọ náà ni àwọn kan ń fẹ́ tà nísinsìnyí. Kí a má gbà fún wọn.