Ta Ló Ní Eyín Àyọfọ̀ Kì í Ṣe Eyín?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń sọ bí ẹni pé Ifá ló sọ ọ́: "Bí eyín bá ti ká, èyí tí wọ́n kàn mọ́ egungun nìkan ni eyín. Èyí tí à ń yọ, ike lásán ni, ti arúgbó àti aláìní ni." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì gbọ́ ọ nínú ilé tiwa. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń febi pa àwọn èèyàn nídìí oúnjẹ tó wà níwájú wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí.

Eyín tí wọ́n ń fi ìdè irin rì sínú egungun, tí àwọn dókítà ń pè ní implant, ni màá máa pè ní eyín àkànmọ́. Èyí tí à ń fi sẹ́nu láàárọ̀, tí à ń yọ fọ̀ lálẹ́, ni eyín àyọfọ̀.

Ohun tí irọ́ yìí ṣe nílé wa

Màámi kò ní eyín kankan mọ́ nísàlẹ̀. Mẹ́rin péré ló kù wọ́n lókè. Àbúrò mi tó wà lókè òkun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù, òun yóò fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè ṣe "eyín gidi". Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì gbà á. A dúró fún ọdún mẹ́rin. Láàárín ọdún mẹ́rin náà, ẹran di ohun tí à ń gún kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́. Àgbàdo sísun di ohun tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lóde, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bo ẹnu. Orúkọ Fúnmi ọmọ-ọmọ wọn kò já gaara lẹ́nu wọn mọ́, torí eyín iwájú òkè tí "f" ń wá láti fi kan ètè kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí owó dé, dókítà wo fọ́tò àgbọ̀n wọn, ó ní egungun ìsàlẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Kí wọ́n tó lè kan ohunkóhun mọ́ ọn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi egungun kún un. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé bí a ṣe ń dúró ni egungun ń jó rẹ̀yìn.

Eyín àkànmọ́ kọ́ ni mò ń bá jà

Ní 1952, oníṣègùn ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, fi ohun èlò kékeré tí wọ́n fi irin titanium ṣe sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ. Egungun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965, ó fi ìmọ̀ yìí ṣe eyín fún ọkùnrin kan, Gösta Larsson, ní ìlú Gothenburg. Ọkùnrin náà lò ó títí ó fi kú ní 2006. Ẹni tó bá ní irú iṣẹ́ yìí kò dára kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ń dúró gbọn-in, ó ń lọ oúnjẹ kúnná, kì í sì í já bọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mò ń bá jà, òun ni "nìkan".

Wọ́n ní: "A kàn án, ó parí."

Mo ní: kò parí. Òótọ́ ni pé kòkòrò kò lè jẹ irin. Ṣùgbọ́n ẹran àti egungun tó di irin náà mú lè jẹrà. Eyín tí a bí mọ́ wa ní àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òun àti egungun, tó ń gba agbára nígbà tí a bá ń jẹun. Ó tún ní iṣan tó ń jẹ́ kó ké bí nǹkan bá ń ṣe é. Eyín àkànmọ́ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ìdọ̀tí bá gbá jọ sí ìdí rẹ̀, ẹran ibẹ̀ á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun abẹ́ rẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má dun ẹni tó ni ín rárá títí yóò fi máa mì.

Ẹni tí àìfọ ẹnu dáadáa gba eyín tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá yíwà padà, èyí tó fowó rà náà yóò bá tàkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́, ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ní àgbọ̀n rẹ̀, àti ẹni tó ń lo àwọn oògùn kan tó ń mú egungun le, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fi irin kan egungun wọn.

Wọ́n ní: "Bí owó bá ti wà, ó bùṣe."

Mo ní: owó kọ́ ni ilẹ̀ tí à ń gbin eyín yìí sí, egungun ni. Bí eyín bá ti kúrò, egungun tó gbé e ró á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ọdún àkọ́kọ́ ló sì ń yára jù. Ibi tí kò bá sí egungun tó pọ̀ tó, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni yóò ṣáájú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kan irin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń dúró fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí egungun tó dì mọ́ ọn, kí wọ́n tó gbé eyín lé e. A kì í sì í ṣe é fún ọmọ tí àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń dàgbà, torí irin náà kò ní bá a dàgbà. Ọmọ olówó lè ní gbogbo owó ayé, ojú kan ni irin náà yóò wà nígbà tí àwọn eyín yòókù bá ń yọ gòkè.

Wọ́n ní: "Ike lásán ni èyí tí à ń yọ."

Mo ní: ike tó ti ń fún aláìléyín lóúnjẹ láti àwọn ọdún 1930 ni. N kò ní fi àbùkù rẹ̀ pa mọ́. Agbára ìjẹ rẹ̀ kò tó ìdajì ti eyín tí a bí mọ́ni. Egungun abẹ́ rẹ̀ kò yéé fà sẹ́yìn, nítorí náà ó máa ń tú, a sì ní láti máa gbé e padà lọ fún àtúnṣe. Ti òkè máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu pẹ̀lú itọ́, ó sì máa ń dúró dáadáa. Ti ìsàlẹ̀ ló ní wàhálà, torí ahọ́n ń tì í, ibi tó jókòó lé kò sì fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí à ń bú u fún, ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ tó ṣe é ni. Àwọn ayédèrú oníṣẹ́ eyín wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń po ike, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín tó wà ní tòsí, tí wọ́n á ní ó ti di eyín àkànmọ́. Kò ṣe é yọ, kò ṣe é fọ̀, àwọn eyín tó yí i ká á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn wà lọ́rùn àwa tí à ń lò ó. Àwọn dókítà ọ̀fun ní Nàìjíríà ti yọ eyín àyọfọ̀ kéékèèké tó ti tú kúrò lọ́nà ọ̀fun àwọn tó gbé e mì. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2015 láàárín 524 àgbàlagbà ní Japan fi hàn pé ewu òtútù àyà láàárín àwọn tó ń fi eyín àyọfọ̀ sùn fi ìlọ́po méjì ju ti àwọn tó ń yọ ọ́ lọ. Ẹ yọ ọ́ lálẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sínú omi tútù. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó má baà ká kò.

Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n sọ di ọ̀tá

Ibi tí "nìkan" ti wó pátápátá nìyí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ péjọ sí Yunifásítì McGill ní Montreal, wọ́n fẹnu kò pé fún ẹni tí kò ní eyín kankan nísàlẹ̀, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́ ni eyín àyọfọ̀ tí irin méjì péré dì mú. Irin méjì yóò wà nínú egungun, eyín àyọfọ̀ yóò sì so mọ́ wọn bíi bọ́tìnnì. Ó dúró, síbẹ̀ à ń yọ ọ́ fọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti kíkan gbogbo àgbọ̀n. Ṣé àyọfọ̀ nìyẹn àbí àkànmọ́? Méjèèjì ni. Àwa la dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi dókítà

Ẹ má béèrè pé, "Èwo ló dára jù?" Ẹ béèrè pé:

Báwo ni egungun mi ṣe pọ̀ tó?
Ṣé ẹran ìdí eyín mi yá, àbí ẹ ní láti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀?
Kí ni mo lè fi sẹ́nu báyìí, kí n má baà máa fi ebi dúró?
Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ̀ẹ̀melòó ni màá máa padà wá lọ́dún, èló sì ni?
Bí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n lọ́la, ta ni yóò máa bá mi fọ̀ ọ́?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹnu kan kò dà bí èkejì.

Màámi gba eyín àyọfọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń ka Bíbélì sókè kí ahọ́n wọn lè mọ ọ̀nà. Lónìí, wọ́n ń yin àgbàdo kí wọ́n tó fi sẹ́nu, wọn kì í fi eyín ya á, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń pe Fúnmi, ó sì ń já gaara. Ohun tó lè ṣeé ṣe láàárín oṣù kan ni a fi ọdún mẹ́rin dù wọ́n, kò sì sí owó òkè òkun tó lè ra ọdún náà padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń dúró bẹ́ẹ̀ nílé yín, ẹ má jẹ́ kó dúró mọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí.